Kọ̀nténà ń bọ̀ ní sáìtì mi, kí ló yẹ kí n ti ṣe sílẹ̀?

Onílé_Ọ̀fàdà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ilé lọ́nà Ọ̀fàdà, tẹ́ ẹ bá ti yà wọlé láti Mọ̀wé. Pulọ́ọ̀tì kan ni, 60 sí 120 fíìtì, a ti gbẹ́ fandéṣọ̀n, a ò tíì rọ kọnkéré sí i. Lóṣù tó kọjá, 30 báàgì sìmẹ́ǹtì ló di òkúta mọ́ mi lọ́wọ́ lábẹ́ tapólì, irin mélòó kan sì fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, máigáàdì ní òun ò rí ẹnì kankan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n ra kọ̀nténà òfìfo kí n gbé e síbẹ̀ bíi sítọ̀. Àwọn tó fẹ́ tà á fún mi ní Mile 2 ní kò sí nǹkan tí mo nílò láti ṣe, pé àwọn á gbé e dé, àwọn á sọ̀ ọ́, ó parí. Ọkàn mi ò balẹ̀ sọ́rọ̀ yẹn. 40 fíìtì ni mo sì ń rò o, torí owó tó fi ju ti 20 lọ ò pọ̀ lójú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bíríkìlà_Àgbà
Ẹni tó ní kò sí nǹkan tẹ́ ẹ nílò láti ṣe, ṣé òun náà ló máa wá tì í tó bá rì? Ẹ pa ọ̀rọ̀ 40 tì ná. Ẹ kọ́kọ́ mú téèpù dání, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn láti ibi tí tírélà ti máa yà kúrò ní ẹsipírẹ́ẹ̀sì títí dé ojú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí. Ẹ má wa mọ́tò o, ẹni tó bá wà nínú mọ́tò kì í wòkè. Kọ̀nténà fẹ̀ tó 8 fíìtì, ó ga tó 8 fíìtì ààbọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní high cube ga tó 9 fíìtì ààbọ̀, ẹ wá fi bíi 5 fíìtì tí ẹ̀yìn tírélà fi jìnnà sílẹ̀ kún un. Nǹkan tó ń bọ̀ ládùúgbò yín nìyẹn, ó lé ní 14 fíìtì tó bá jẹ́ high cube. Wáyà iná wo ló ga tó bẹ́ẹ̀ lọ́nà Ọ̀fàdà? Èyí tí wọ́n fi ọparun gbé dúró ńkọ́?

Tírélà tó ń gbé 40, tẹ́ ẹ bá wọn orí àti ìrù ẹ̀ pọ̀, á sún mọ́ 55 fíìtì. Fífẹ̀ ilẹ̀ yín 60. Ibo ló ti fẹ́ yí? Níbi fandéṣọ̀n?

Onílé_Ọ̀fàdà
Háà. Mi ò ronú débẹ̀ rárá. Ojú títì wa ò ju 25 fíìtì lọ, kọ́nà kan sì wà níbẹ̀ tí típà gan-an máa ń lọ síwájú padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí i yà.

Bíríkìlà_Àgbà
Ẹ ti dá ara yín lóhùn. 20.

Sáìtì_Mágbọ̀rọ̀
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín jù jàre. 40 ni mo gbé wá sí tèmi, kò sí kréènì kankan. Wọ́n fi ṣéènì so ẹ̀yìn kọ̀nténà mọ́ igi ọ̀pẹ, dírẹ́bà tẹná, tírélà yọ kúrò lábẹ́ ẹ̀, gbàà! Ó ti délẹ̀. Owó kréènì ṣì wà lápò mi.

Ẹnjiníà_Jẹ́jẹ́
Gbàà yẹn gan-an ni ìbéèrè mi. Ṣé ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣì ń tì?

Sáìtì_Mágbọ̀rọ̀
Ọ̀kan ń tì. Èkejì a fi wáyà dè é.

Ẹnjiníà_Jẹ́jẹ́
😂 Ó tán. Ẹ̀gbọ́n onílé, ẹ wò ó, kọ̀nténà tó ṣófo, 20 á wúwo tó bíi 2.2 tọ́ọ̀nù, 40 á sún mọ́ 4. Tí nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti òkè 5 fíìtì já bọ́, tí igun kan sì kọ́kọ́ kanlẹ̀, gbogbo férémù ẹ̀ á lọ́. Ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Ìyẹn tí ṣéènì ò bá já ná, torí ṣéènì tó bá já kì í béèrè ẹni tó dúró sí tòsí. Ẹ ní kí wọ́n fi ọkọ̀ tó ní kréènì lára gbé e wá, àwọn tá à ń pè ní Hiab, tàbí kẹ́ ẹ gba kréènì lọ́tọ̀. Ẹ bi wọ́n pé báwo ni apá ẹ̀ ṣe máa nà jìnnà tó láti ibi tí ọkọ̀ máa dúró, torí bí apá kréènì bá ṣe ń nà sí i ni agbára ẹ̀ ń dín kù. Kréènì tó gbé e ní Mile 2 nígbà tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè máà rí i gbé kọjá orí fẹ́ǹsì.

Ti ilẹ̀ ló kàn. Gbogbo ìwúwo kọ̀nténà, orí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà, àárín ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ fara kan nǹkan kan. Ẹ ní sìmẹ́ǹtì lẹ fẹ́ kó sí i. Báàgì kan 50 kílò, 400 báàgì 20 tọ́ọ̀nù nìyẹn, ẹ fi ti kọ̀nténà fúnra ẹ̀ kún un, igun kọ̀ọ̀kan á gbé ju 5 tọ́ọ̀nù lọ. Ẹ gbé ìyẹn lé ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀, kẹ́ ẹ wá padà wò ó lẹ́yìn oṣù kan. Wọn ò dédé máa gbin ìrẹsì lápá ibẹ̀ yẹn o.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. A ó hú ilẹ̀ dúdú òkè yẹn kúrò títí a ó fi kan ilẹ̀ pupa tó le, a ó rọ kọnkéré mẹ́rin, igun kan ọ̀kan, 2 fíìtì sí 2 fíìtì, kó nípọn tó 1 fíìtì, kó sì yọ sókè ilẹ̀ bíi 6 íǹṣì kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ ẹ̀, kí ìdí ẹ̀ má sì tètè dípẹtà. Tí ilẹ̀ bá rọ̀ jù, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí 3 fíìtì. Kọnkéré wan-tuu-fọ̀ náà ni, sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, ẹ fún un ní ọjọ́ méje ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá ń wọn ojú ibẹ̀, 20 fíìtì yẹn kì í pé 20 tán, bíi 19 fíìtì àti 10 íǹṣì ààbọ̀ ni, fífẹ̀ ẹ̀ 8. Ẹ fa téèpù láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, lọ́nà méjèèjì, iye kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́, bíi 21 fíìtì àti 5 íǹṣì. Ẹ wá fi họ́ọ̀sì tí omi wà nínú ẹ̀ mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú lásán. Tí igun kan bá fi díẹ̀ rẹlẹ̀, kọ̀nténà á dagun, ilẹ̀kùn á há. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn táwọn èèyàn ń fi òòlù lù, kò sí nǹkan tó ṣe ilẹ̀kùn.

Onílé_Ọ̀fàdà
Ẹ ṣé gan-an sà. Ṣé mi ò lè fi búlọ́ọ̀kù 9 íǹṣì tó wà nílẹ̀ gbé e dípò kọnkéré? Mo ṣì ní bíi 200.

Bíríkìlà_Àgbà
Búlọ́ọ̀kù oníhò? Á fọ́ bí ẹ̀kọ gbígbẹ. Pákó rélùwéè tó nípọn dáa tẹ́ ẹ bá rí i rà, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù oníhò ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ìyá_Táìlì
Ọ̀rọ̀ yín ti dára nípa ibi tó máa jókòó sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí kó tó débẹ̀. Ọdún 2021, mo kó táìlì wọlé, 20 fíìtì, ó ń lọ tààrà sí sáìtì oníbàárà mi kan ní Àkútè. Táìlì wúwo débi pé 20 náà la fi ń kó o, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ fi kún 40, ìwúwo ẹ̀ á ti kọjá ohun tí kọ̀nténà lè gbé. Tiwa lọ́jọ́ náà ń lọ sí 30 tọ́ọ̀nù, a ò tíì ka tírélà mọ́ ọn. A ti wọn géètì, a ti wọn ojú títì, a ti rí alága CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, mo ti ra mínírà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ohun tá ò wò ni iwájú ilé ẹni kejì. Sọkawé ni o! Wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kì bò ó, wọ́n to ìkòkò òdòdó sórí ẹ̀, ta ló máa mọ̀. Tírélà ń fẹ̀yìn wọlé jẹ́jẹ́, mo kàn gbọ́ kẹ̀ẹ̀ẹ̀, tàyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti wọlẹ̀, òórùn tó jáde níbẹ̀ ẹ má bi mí. Kọ̀nténà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí ọ̀mùtí tó fara ti ògiri. Ọjọ́ méjì gbáko ló lò níbẹ̀, àwọn lébúrà ń já táìlì ní páálí páálí kó lè fúyẹ́ kí wọ́n tó rí i fà jáde, mo sanwó ìdúró fún tírélà, mo sanwó lébúrà ìlọ́po mẹ́ta, mo kọ́ sọkawé tuntun fún bàbá onílé. Bàbá wá ní kí n kúkú fi táìlì sí ojú ẹ̀. Mo fi sí i. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Nítorí náà, gbogbo ilé tó wà ní kọ́nà yẹn, ẹ kanlẹ̀kùn, ẹ bi wọ́n níbi tí sọkawé àti paipu omi wọn gbà. Ẹ fi ẹ̀ka igi tàbí ọ̀dà sàmì síbẹ̀. Góta náà, pẹpẹ kọnkéré tí wọ́n fi bò ó, fún Corolla ni wọ́n rọ ọ́, kì í ṣe fún tírélà. Ẹ gbé paipu kan sínú góta kí omi lè máa kọjá, ẹ to àpò yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ́ irin pẹlẹbẹ lé e.

Ẹ tún dúpẹ́ pé tiyín ṣófo, tẹ́ ẹ sì ti rà á. Èyí tẹ́rù wà nínú ẹ̀, tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ẹ gbọ́dọ̀ tú u kíákíá kẹ́ ẹ dá a padà, ojoojúmọ́ tó bá fi pẹ́ lọ́wọ́ yín owó ló ń gun orí owó.

Dírẹ́bà_Àpápá
Èmi ni mo ń wà á, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, òru ló máa dé. Òfin ìrìnnà Èkó ò jẹ́ kí tírélà máa rìn láàárín ìlú láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, a ó gbéra ní Mile 2 lẹ́yìn mẹ́sàn-án, gosiló á wá ṣe tiẹ̀. Ẹ má retí wa ní aago mẹ́wàá. Ẹ ní jẹnẹrétọ̀ àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kí fóònù yín wà lórí chájì, ẹ rán ẹnì kan tó mọ ọ̀nà kó dúró dè wá ní ẹsipírẹ́ẹ̀sì pẹ̀lú ọ̀kadà. Google Map ò mọ ilé yín. Tí kò bá sí kánjú, ẹ ní kí wọ́n gbé e dé páàkì kan ní Mọ̀wé lóru, kí ọkọ̀ sùn síbẹ̀, kó wọ àdúgbò tílẹ̀ bá mọ́. Ẹ kàn máa fún wa lówó oúnjẹ ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ sọ fún wọn ní yáàdì apá ibi tí ilẹ̀kùn máa kọjú sí kí wọ́n tó gbé e lé ọkọ̀. Ẹ yàwòrán ẹ̀ sórí pépà, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Tó bá ti débi tí kò sí àyè, mi ò lè yí i padà fún yín, kréènì náà ò sì ní fẹ́. Mo ti gbé kọ̀nténà lọ síbi kan tí ilẹ̀kùn ẹ̀ wá kọjú sí ògiri, àyè tó kù níwájú ẹ̀ ò tó 2 fíìtì. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan á fẹ́ bíi 4 fíìtì kó tó ṣí, ẹ jẹ́ kó lé sí i dáadáa torí kẹ̀kẹ́ ìkósìmẹ́ǹtì.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tẹ́ ẹ bá wà ní yáàdì nígbà tí wọ́n ń dì í, ẹ wò ó fúnra yín pé wọ́n ti lọ́ọ̀kù igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ tírélà. Ojúẹlẹ́gba, ọjọ́ 29 oṣù Kìíní 2023, ẹ ò tíì gbàgbé, kọ̀nténà já lu bọ́ọ̀sì èrò, èèyàn mẹ́sàn-án. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òfìfo lásán ni. Tó bá sì ti dé sáìtì, kí wọ́n ṣí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí kréènì tó fà á. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbàgbé ọ̀kan, kréènì ń gbé tírélà mọ́ kọ̀nténà lọ sókè.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Kent
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Sáìtì ni mo ti ń jẹun níbí ní Ìlú Ọba, ohun kan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbàkigbà tí mo bá wálé. Ọkọ̀ ńlá á máa fẹ̀yìn wọlé, èèyàn mẹ́wàá á máa darí ẹ̀, ọ̀kan ní "yí i sọ́tùn-ún", ọ̀kan ní "òsì, òsì!", ọmọ kékeré kan lẹ́yìn á máa pariwo "bọ̀, bọ̀, bọ̀", ìyá alákàrà náà á ní kó dúró. Níbí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń darí, ó wọ aṣọ tó ń tàn, dírẹ́bà ò sì gbọ́dọ̀ dá ẹlòmíràn lóhùn, tó bá ti pàdánù ẹni yẹn nínú díńgí, kó dúró. Ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ni "dúró". Ẹ yan ẹnì kan, kí òun àti dírẹ́bà jọ fẹnu kò lórí àmì ọwọ́ tí wọ́n máa lò kó tó wọlé.

Tí kréènì bá ti gbé e, ẹ má fọwọ́ tì í. Ẹ so okùn gígùn mọ́ igun méjì, òkèèrè lẹ ó ti máa fa okùn. Kó má sì sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ ẹ̀, àní máigáàdì tó fẹ́ yọ òkúta kan kíákíá.

Ẹnjiníà_Jẹ́jẹ́
Ọ̀gá Kent ti sọ̀rọ̀. Ẹ sì rántí fandéṣọ̀n tẹ́ ẹ gbẹ́ sílẹ̀ yẹn o, òun lẹ̀rù ń bà mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ kréènì tàbí tàyà tírélà tó bá sún mọ́ etí kòtò, kòtò á ya. Ẹ ta okùn pupa síbẹ̀, ó kéré tán kó jìnnà sí etí kòtò tó bí kòtò ṣe jìn, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kò burú. Abẹ́ ẹsẹ̀ kréènì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pákó tó nípọn tó sì fẹ̀ sí i.

Wẹ́dà_Ìkòròdú
Kò sẹ́ni tó bi ẹ̀gbọ́n pé báwo ló ṣe máa jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí kí n wá fi gáàsì gé kọ̀nténà sí wẹ́wẹ́ nínú ọgbà ẹlòmíràn torí wọ́n ti kọ́ ilé tán, wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì, wọ́n ti rọ ọwọ̀n géètì, kréènì ò ríbi dúró mọ́. Ẹ wo ibi tí ilé máa wà, ibi tí sọkawé tiyín máa wà, ibi tí típà á máa da yanrìn sí, kẹ́ ẹ gbé e sí apá iwájú nítòsí géètì. Bó ṣe wọlé ni kó lè jáde.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọnú ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ yín pa. Ibi tí oòrùn bá ti yọjú, òjò náà á gbabẹ̀. Ẹ tẹ ilẹ̀ pátákó ẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ àwọn irin tó gbé e. Ẹ sì gba ìwé, kí nọ́ńbà ara ẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà méje, bá ti inú ìwé mu. Ẹ̀yin náà mọ irú ìlú tá a wà.

Ìyá_Táìlì
Sìmẹ́ǹtì nínú kọ̀nténà ńkọ́? Òógùn máa ń bò ó nínú lóru, á máa kán sórí ẹrù. Pálẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ gbé e lé, kó má fara kan ògiri, kẹ́ ẹ sì bẹ wẹ́dà kó la fèrèsé kékeré sí i lókè.

Sáìtì_Mágbọ̀rọ̀
Mo ti gbà lórí ọ̀rọ̀ ṣéènì, ẹ má bú mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé àwọn ọmọ onílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti sanwó fandéṣọ̀n, wọ́n á ní ti kọ̀nténà yàtọ̀. Èkó àti Ògùn ti ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ wọn láti 2016, ṣùgbọ́n òfin ò ní bá yín dúró lójú títì ní aago kan òru nígbà tí wọ́n bá gbé igi dínà tí dírẹ́bà sì ń ka wákàtí. Ẹ lọ bá Baálẹ̀ àti alága CDA lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Ẹ sì bi wọ́n nípa irin gbàgàdà tí wọ́n fi dá tírélà lẹ́kun ní ẹnu àdúgbò, ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Onílé_Ọ̀fàdà
Irin yẹn wà! Mo máa ń gba abẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ ṣeun, mo ń padà bọ̀.

Onílé_Ọ̀fàdà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ó lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti délẹ̀ o! 20 ni mo padà rà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tà fún mi, nígbà tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi nínú ẹ̀, àfi bí ẹni tó wà lábẹ́ ìràwọ̀, mo ní kí wọ́n mú òmíràn. A rọ kọnkéré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá torí òjò ò jẹ́ ká sinmi. Akọ̀wé CDA ni kọ́kọ́rọ́ irin gbàgàdà wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ti lọ sí Abẹ́òkúta, ìyàwó ẹ̀ ló bá wa wá a jáde nínú dúrọ́ọ̀. Wáyà méjì ló rẹlẹ̀, mo kọ̀wé sí àwọn oníná, wọ́n pa iná, wọ́n fà á sókè, mi ò jẹ́ kí ọmọdé kankan fi ọparun gbé e. Sọkawé mẹ́ta la sàmì sí, ìkan ò tiẹ̀ yé onílé gan-an ibi tó wà.

Ọkọ̀ sùn ní Mọ̀wé, aago méje àárọ̀ ló wọlé. Bíríkìlà mi nìkan ló darí ẹ̀, ìyá ẹlẹ́kọ gbìyànjú láti dá sí i, dírẹ́bà ò dá a lóhùn, ó ń bínú sí mi títí di òní. Ẹ̀ka máńgòrò ẹnìkejì kan já, mo ti bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó jókòó tán, igun kan fi ìdajì íǹṣì rẹlẹ̀, a ní kí kréènì tún gbé apá yẹn díẹ̀, a ti irin pẹlẹbẹ bọ abẹ́ ẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ooru inú ẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ gbà mí o. Ṣé ọ̀dà funfun lórí ẹ̀ á ràn án lọ́wọ́ àbí kí n fi páànù bò ó?

Wẹ́dà_Ìkòròdú
Páànù, kẹ́ ẹ fi bíi 1 fíìtì àyè sílẹ̀ láàárín kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀. Ọ̀dà funfun náà dáa tówó ò bá sí.

Sáìtì_Mágbọ̀rọ̀
Ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà oníkréènì yẹn. Mo fẹ́ kó wá bá mi gbé tèmi sókè kí n lè tún igun ẹ̀ ṣe.

Onílé_Ọ̀fàdà
😂 Ẹ wo inbox yín.